Inú Rírun àti Ìgbẹ́ Gbuuru: Ohun Tí Oúnjẹ Ilé Lè Ṣe

Ọ̀rọ̀ inú ni ọ̀rọ̀ tòní. Ọmọ tó ń ṣu gbuuru, àgbàlagbà tí ìgbẹ́ rẹ̀ le, ẹni tí ọgbẹ́ inú ń dà láàmú, ọmọléèwé tí aràn kún inú rẹ̀: kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ dókítà, ilé ìdáná ni àwọn ará ilé kọ́kọ́ máa ń yà sí. Ìyá àgbà á ní kí wọ́n lọ bu omi ògì wá. Aládùúgbò á ní ẹfínrín ni kí wọ́n gún. Ẹlòmíràn á ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú ló ń wo ọgbẹ́ inú sàn. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń sọ yìí ni àwọn onímọ̀ ti yẹ̀ wò, tí wọ́n sì rí i pé òótọ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n òótọ́ ọ̀hún ní ààlà. Ibi tí ààlà náà wà ló yẹ kí gbogbo ilé mọ̀, torí ibẹ̀ ni ẹ̀mí ti ń bọ́.

Omi ògì ni ká fi bẹ̀rẹ̀. Ní Ọjà Ọba Àkúrẹ́, èèyàn á rí ìyá ológì pẹ̀lú ike ńlá níwájú rẹ̀, ògì á ti wà nísàlẹ̀, omi kíkan á sì lé téńté sórí rẹ̀. Ẹni tó bá ti ṣe ògì rí mọ bí omi yẹn ṣe dé ibẹ̀. Wọ́n á rẹ àgbàdo fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, wọ́n á gbé e lọ sí ẹ̀rọ, wọ́n á fi aṣọ sẹ́ ẹ kí èérí lè kúrò, wọ́n á wá fi í sílẹ̀ kó tòrò, kó sì kan. Àwọn kòkòrò àìfojúrí kan ló ń jẹ́ kó kan: wọ́n ń sọ ṣúgà inú àgbàdo di ásíìdì. Kòkòrò rere ni wọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú kòkòrò búburú tó ń dá ìgbẹ́ gbuuru sílẹ̀ ni kò lè gbèrú nínú ásíìdì bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 1994, D. K. Olukoya àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwádìí ìṣègùn ìjọba àpapọ̀ ní Yaba, l'Ékòó, tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n ṣa àwọn kòkòrò rere tó lágbára, wọ́n fi wọ́n kan ògì, wọ́n sì sọ ògì náà ní DogiK. Nínú yàrá ìwádìí, ó bá àwọn kòkòrò ìgbẹ́ gbuuru jà, ó sì borí. Ní 2017, Funmilola Ayeni ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún yẹ oríṣiríṣi ògì wò, wọ́n sì rí kòkòrò rere nínú wọn tó ń dènà àwọn tó ń ba inú jẹ́. Ìyá àgbà tó ní kí wọ́n bu omi ògì wá kò sọ̀rọ̀ òfìfo.

Níbo wá ni ààlà wà? Ohun tó sábà máa ń pa ọmọ tó ń ṣu gbuuru ni omi àti iyọ̀ tó ń bá ìgbẹ́ jáde lára rẹ̀. Iyọ̀ inú omi ògì kò tó láti dá èyí tó sọnù padà. Nǹkan kejì ni omi tí wọ́n fi sẹ́ ògì náà. Bí kànga bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣáláńgá, bó ṣe máa ń rí ní agbolé tí ilé ti há mọ́ra, omi bẹ́ẹ̀ lè má mọ́, omi ògì kì í sì í gorí iná kó tó dé ẹnu ọmọ. Ẹni tó bá fẹ́ mu ún, kó fi omi tó ti hó tó sì ti tutù sẹ́ ògì tirẹ̀ nílé. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, ọmú nìkan ni tirẹ̀. Kí wọ́n má fi omi ògì kàn án lẹ́nu rárá.

Ohun tó lè dá omi ara padà wà nínú ilé ìdáná kan náà: iyọ̀ àti ṣúgà. Ní ọdún 1971, nígbà ogun òmìnira Bangladesh, àwọn tó ń sá fógun kún ìlú kan ní Íńdíà tí wọ́n ń pè ní Bangaon, onígbáméjì sì wọ àárín wọn. Omi tí wọ́n ń fà sí aláìsàn lára tán. Dókítà kan, Dilip Mahalanabis, ní kí wọ́n po iyọ̀ àti ṣúgà mọ́ omi, kí ìyá, bàbá àti ẹ̀gbọ́n máa fún àwọn aláìsàn mu. Nínú ọgọ́rùn-ún aláìsàn, nǹkan bí ọgbọ̀n ló ń kú tẹ́lẹ̀. Ó wálẹ̀ débi pé kò pé mẹ́rin mọ́. Ìdí tó fi ṣiṣẹ́ ni pé ṣúgà ló ń ṣílẹ̀kùn ìfun fún iyọ̀, tí àwọn méjèèjì bá sì ti wọlé, omi á tẹ̀ lé wọn. Ní 1978, ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet kọ ọ́ pé ó ṣeé ṣe kí èyí jẹ́ ìtẹ̀síwájú tó ṣe pàtàkì jù nínú ìṣègùn ọ̀rúndún náà.

Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti jẹ́ mínísítà ètò ìlera ní Nàìjíríà, láti 1985 sí 1992, ó polongo omi oníyọ̀-àti-ṣúgà yìí káàkiri. Àwọn ìyá tó tọ́mọ nígbà náà kò ní gbàgbé. Ìwọ̀n tó wà lóde báyìí yàtọ̀ sí ti ìgbà yẹn, nítorí náà kí àwọn ìyá ìkókó fara balẹ̀ gbọ́. Omi mímọ́ lítà kan, ìyẹn omi inú ọ̀rá méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba ìdajì lítà. Ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́fà, kí wọ́n fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gbá orí ṣíbí kọ̀ọ̀kan kó dọ́gba. Iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì kan náà, kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí wọ́n pò ó títí gbogbo rẹ̀ á fi yòrò, kí ìyá sì tọ́ ọ wò: tó bá ti níyọ̀ ju omijé lọ, kó dà á nù, kó tún òmíràn pò. Iyọ̀ tó pọ̀ jù lè gbé ọmọ dé ibi tí ìgbẹ́ gbuuru kò tíì gbé e dé. Díẹ̀díẹ̀ ni kí wọ́n máa fún ọmọ, ṣíbí kan tẹ̀ lé òmíràn; bó bá bì, kí wọ́n dúró fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Èyí tó bá kù di ọjọ́ kejì, dídànù ni. Bí wọ́n bá rí ORS alápò kékeré, èyí tí wọ́n ti wọn iyọ̀ àti ṣúgà sínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, rà ní ṣọ́ọ̀bù oníkẹ́míìsì, òun ló dára jù, nítorí ìwọ̀n rẹ̀ kì í sábà ṣì. Kí wọ́n bèèrè oògùn zinc pẹ̀lú rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá ni ọmọ fi ń lò ó.

Àṣà kan wà tó yẹ ká bá wí gidigidi. Bí ọmọ bá ń ṣu, àwọn ará ilé á ní eyín ló ń yọ, pé kí wọ́n fi sílẹ̀, yóò dáwọ́ dúró fúnra rẹ̀. Àwọn mìíràn á gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ kí ìfun rẹ̀ lè sinmi, tàbí kí wọ́n máa fún un ní ẹ̀kọ tó ṣàn bí omi lásán. Eyín kì í fa ìgbẹ́ gbuuru. Nǹkan ìdọ̀tí tí ọmọ ń kó sẹ́nu nígbà tí eyín ń yún un ló ń fà á. Ebi kò sì wo ìfun kankan sàn rí. Adenike Grange, dókítà ọmọdé tó wá di mínísítà ètò ìlera ní 2007, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde ní 1994 lórí àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ìgbẹ́ gbuuru mú: wọ́n fún wọn ní oúnjẹ tí wọ́n fi àgbàdo, ẹ̀wà àti epo pupa sè. Ara àwọn ọmọ náà gbà á. Ní Kwara, ṣáájú ìgbà yẹn, wọ́n ti kọ́ àwọn ìyá bí wọ́n ṣe ń se irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀, wọ́n pè é ní Ẹ̀kọ Ìlera: ògì, ìyẹ̀fun ẹ̀wà yíyan, epo pupa àti ṣúgà. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ṣòro rí ní ọjà Oǹdó. Bí ìyá bá ro ẹ̀kọ kó ki, tó lu ẹ̀wà mọ́ ọn, tó sì kán epo pupa sí i, ó ti fún ọmọ lágbára tó máa fi bá àìsàn náà jà.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ńkọ́? Ìpínlẹ̀ Oǹdó wà lára àwọn ibi tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti pọ̀ jù ní Nàìjíríà. Inú oko kòkó ni púpọ̀ nínú rẹ̀ wà, ó ń ṣíji bo kòkó kékeré. Ní 1984, àwọn onímọ̀ fún eku ní ìyẹ̀fun ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú, wọ́n rí i pé ó dènà ọgbẹ́ tí aspirin máa ń dá sí inú wọn, àní ó tún bá èyí tó ti wà tẹ́lẹ̀ jinná. Ní 2001, ní Bangladesh, àwọn ọmọ tí ìgbẹ́ gbuuru wọn kò fẹ́ lọ jẹ ìrẹsì tí wọ́n po ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tútù sísè mọ́, ara wọn sì yá kíá ju ti àwọn tó jẹ ìrẹsì nìkan. Ọmọ tó ti ń jẹ oúnjẹ líle, ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísè tí wọ́n fọ́ múlọ́múlọ́ kì í ṣe oúnjẹ tó yẹ kí wọ́n fi dù ú.

Ṣùgbọ́n eku kì í ṣe èèyàn, ọgbẹ́ inú èèyàn sì ní ohun tó ń fà á. Títí di nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, àwọn dókítà gan-an gbà pé ìrònú àti ata ló ń fà á. Ní 1982, Barry Marshall àti Robin Warren, ará Ọsirélíà, rí kòkòrò kan tó ń gbé inú ikùn, Helicobacter pylori, wọ́n sì fi hàn pé òun ló ń fa ọ̀pọ̀ ọgbẹ́ inú. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní 2005. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò lè lé kòkòrò yìí jáde. Oògùn dókítà ló ń lé e. Ohun kejì tó ń fa ọgbẹ́ inú ni oògùn ara ríro, bí aspirin, ibuprofen àti diclofenac, tí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ agbára ń gbé mì lójoojúmọ́ lórí ikùn òfo. Ẹni tó ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú lówùúrọ̀, tó ń gbé diclofenac mì lálẹ́, iṣẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló ń bà jẹ́.

Èyí tó yẹ kí ará Oǹdó fi yangàn ṣẹlẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, tí kò jìnnà sí wọn rárá. Ní 2007, John Okeniyi àti àwọn dókítà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbájáde ìwádìí lórí hóró ìbẹ́pẹ jáde. Ọgọ́ta ọmọ tí aràn wà nínú ìgbẹ́ wọn ni wọ́n pín sí ọ̀nà méjì. Apá kan gba hóró ìbẹ́pẹ gbígbẹ tí wọ́n lọ̀ mọ́ oyin, apá kejì gba oyin nìkan. Lẹ́yìn ọjọ́ méje, ìgbẹ́ mẹ́tàlélógún nínú ọgbọ̀n ọmọ tó jẹ hóró ìbẹ́pẹ ti mọ́. Nínú ọgbọ̀n tó lá oyin nìkan, márùn-ún péré ni. Hóró tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń dà sórí ààtàn nìyẹn o! Ìwádìí kékeré ni, oògùn aràn tí wọ́n ń pín ní iléèwé kò sì tíì rí arọ́pò. Kí aboyún má fẹnu kan hóró ìbẹ́pẹ tàbí ìbẹ́pẹ tí kò pọ́n.

Ẹfínrín náà ní ẹ̀rí tirẹ̀. Láti 1969 ni Abayomi Sofowora àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ ti yẹ ewé náà wò gẹ́gẹ́ bí àwọn èèyàn wa ṣe ń lò ó. Òróró tó ń mú un ta sánsán, tí thymol wà nínú rẹ̀, máa ń pa kòkòrò. Atalẹ̀ dára fún èébì, ó sì ti ṣiṣẹ́ fún àwọn aboyún tí èébì ń gbé lówùúrọ̀. Kán-ún máa ń pẹ̀rọ̀ sí inú tó ń ta fún ìgbà díẹ̀, nítorí ó ń pa ásíìdì, ṣùgbọ́n irú èròjà tó wà nínú iyọ̀ kún inú rẹ̀: kí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru jìnnà sí i.

Ní ti àìrígbẹ́yà, àwọn èèyàn wa sábà máa ń di ẹ̀bi jẹ̀díjẹ̀dí ru ohun dídùn, wọ́n á sì sáré lọ sí gáréèjì lọ mu àgbo jẹ̀dí tí wọ́n rẹ sínú ọtí. Ọtí ń fa omi kúrò lára, ìgbẹ́ á sì tún le sí i. Denis Burkitt, oníṣẹ́ abẹ tó wá láti Ireland, tó ṣiṣẹ́ ní Uganda láti 1946 di 1964, rí i pé ìgbẹ́ àwọn ará oko ní Áfíríkà pọ̀, ó rọ̀, ó sì ń yára kọjá ju ti àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì lọ, nítorí ẹ̀fọ́, ẹ̀wà àti ọkà tí wọn kò bó èépá rẹ̀ dànù ni wọ́n ń jẹ. Ìdílé tó ti fi búrẹ́dì funfun àti indomie rọ́pò ìwọ̀nyí ló ń wá àgbo kiri. Ewédú, ilá, ìbẹ́pẹ pípọ́n, ẹ̀wà àti omi tó pọ̀ á ṣe iṣẹ́ náà, owó wọn kò sì tó ti àgbo.

Bí ìgbẹ́ bá ní ẹ̀jẹ̀, bó bá funfun bí omi ìrẹsì, bó bá dúdú bí ọ̀dà, bí ojú ọmọ bá wọnú, tí òkè àwùjẹ̀ rẹ̀ jìn, tó ń sunkún láìsí omijé, tàbí tó ń sùn ṣáá, kí ẹnikẹ́ni má dúró sídìí omi ògì. Kí wọ́n gbé e lọ sí ibùdó ìlera tó súnmọ́ wọn, tàbí ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní Àkúrẹ́ àti ní Oǹdó, kí wọ́n sì máa fún un ní omi oníyọ̀-àti-ṣúgà lójú ọ̀nà. Ẹ̀yin ìyá ìkókó, láti 2022 ni ìjọba ti fi àjẹsára rotavirus, tó ń dènà irú ìgbẹ́ gbuuru tó le jù fún ọmọdé, kún àwọn tí wọ́n ń fún ọmọ. Ẹnu ni wọ́n ń kán an sí, ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ìkẹwàá àti ìkẹrìnlá, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ gbé ọmọ yín lọ gbà á.