BÍ A ṢE TÚN BALÙWẸ̀ ÌYÁ WA ṢE: OMI NI ÀKỌ́KỌ́, Ẹ̀YÌN NI ẸWÀ

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi àjọ̀dún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa)

 

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ní kí àwa ọmọ ìyá mẹ́ta yìí wá sọ ohun tí a fi owó ẹ̀yáwó ṣe, ojú kọ́kọ́ tì wá. Àwọn kan fi tiwọn ra ẹ̀rọ ìlọta, àwọn kan fi kún ọjà wọn. Balùwẹ̀ ni àwa fi tiwa tún ṣe. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ kí á jọ wo ẹ̀yìn díẹ̀.

Ilé tí bàbá wa kọ́ sí Mushin ní 1976 ni ìyá wa ń gbé. Sìmẹ́ńtì lásán ni ilẹ̀ balùwẹ̀ rẹ̀, ó ti sán káàkiri. Omi kì í lọ tán, táǹkì WC ń jò, òórùn kì í sì í jẹ́ kí àlejò pẹ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. A gba ẹ̀yáwó àkọ́kọ́, a sáré lọ sí Orílé Coker, a rí táìlì funfun kan tó ń dán, owó rẹ̀ kò sì ga. Bíríkìlà lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí ilẹ̀ àtijọ́. Gbogbo àdúgbò ló ń kí wa kú oríire.

Kò pé oṣù kan tí ìyá wa fi yọ̀ ṣubú níbẹ̀, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ kán. Táìlì ògiri ni a lọ fi tẹ́ ilẹ̀! Ẹni tó tà á kò purọ́ fún wa, àwa ni a kò béèrè. Ìyá tó wẹ̀ fún wa nígbà tí a wà lọ́mọdé, àwa la wá ń wẹ̀ fún un. Kò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n a rí i lójú rẹ̀.

A san ẹ̀yáwó yẹn tán, a gba òmíràn. A kò fọwọ́ kan owó ọjà rárá, torí balùwẹ̀ kì í mú èrè wálé lọ́sẹ̀. A kò ní pe iye tó ná wa, ẹ̀yin náà mọ̀ pé iye àárọ̀ kọ́ ni iye ìrọ̀lẹ́. Ohun tí a kọ́ nìyí.

Èkíní, omi ni kí ẹ kọ́kọ́ bá jà. A gbẹ́ ilẹ̀ àtijọ́ kúrò, a sì ní kí bíríkìlà jẹ́ kí ilẹ̀ tuntun máa rẹlẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ ihò tí omi ń bá jáde, bíi sẹ̀ǹtímítà 2 nínú mítà 1. Kí ẹ tó san owó tó kù fún un, ẹ da garawa omi kan sílẹ̀. Bí omi bá dúró síbì kan, iṣẹ́ kò tíì parí, jàre.

Èkejì, ẹ má sáré ra WC tuntun. Ẹ fi búlúù tí a fi ń fọ aṣọ díẹ̀ sínú táǹkì, ẹ má fa omi fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bí omi inú àwo bá yí àwọ̀, rọ́bà inú táǹkì ló ti jẹ. Rọ́bà nìkan la pààrọ̀. Ní ti òórùn, páìpù tó wà lábẹ́ ihò ilẹ̀ ló lọ tààrà. Pulọ́ḿbà fi èyí tó tẹ̀ bí ọrùn pẹ́pẹ́yẹ síbẹ̀. Omi tó máa ń dúró níbi tó tẹ̀ ni kì í jẹ́ kí òórùn sókáwéè gòkè.

Ẹ̀kẹta, ẹ béèrè táìlì ilẹ̀, èyí tí ojú rẹ̀ le. Ẹ ta omi sí i ní ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ fi ọwọ́ rà á wò. Balùwẹ̀ wa jẹ́ mítà 2 ní gígùn, mítà 1.5 ní fífẹ̀. Mítà 3 níbùú lóròó nìyẹn. A fi ìdámẹ́wàá kún un nítorí èyí tó máa fọ́, ó di 3.3. Wọ́n kọ iye tí páálí kan lè tẹ́ sí ara rẹ̀, ẹ kà á kí ẹ tó sanwó. Ní ti ògiri, ibi tí omi ń ta sí nìkan la lẹ táìlì sí, dé àyà. Ọ̀dà tó ṣeé fi omi nù la kun ìyókù.

Ẹ̀kẹrin, a fi páìpù irin kan sí ara ògiri tí ìyá wa lè dì mú, a gbá a wọ inú búlọ́ọ̀kù dáadáa. Ibi tí à ń fi táwẹ́ẹ̀lì kọ́ kò lè gba èèyàn dúró o.

Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo: bí ẹ bá ń fọ̀ ọ́, ẹ má po Jik tàbí Hypo mọ́ ásíìdì. Èéfín tó máa jáde níbẹ̀ lè pa èèyàn, pàápàá nínú yàrá kékeré tí fèrèsé rẹ̀ wà ní títì.

Ẹ̀yin ìyá wa, balùwẹ̀ wa kò rí bíi ti òtẹ́ẹ̀lì. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ òní, kí á tó wá síbi àjọ̀dún yìí, ìyá wa gbé kànìnkànìn àti ọṣẹ rẹ̀, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀, ó ní kí á má dúró de òun. Ó dá wẹ̀. Òun náà ló jókòó sí iwájú yìí, tó wé gèlè.

Ọjà á máa tà o.