Tápẹ́ẹ̀tì Kọ́fà Tó Ń Jò: Ohun Tí Ọwọ́ Wa Lè Ṣe

Ọ̀rọ̀ tí olùdarí ẹ̀ka ọ̀dọ́ sọ níbi ìpàdé wa

Nítorí ẹ̀yin tí ẹ ò ráyè wá sípàdé ni mo ṣe kọ ọ̀rọ̀ náà síbí, kí ẹ lè kà á lórí fóònù.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni. Gbogbo wa la mọ bí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọ̀nà Ìkòtún sí Ìdímù ṣe ń rí láàárọ̀. Ibẹ̀ ni Corolla 2004 bàbá mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì lọ́dún tó kọjá. Ọkọ̀ yẹn ni wọ́n fi ń ṣe kábúkábú, owó ẹ̀ ni wọ́n fi ń rán mi lọ sí yunifásítì. Mẹkáníìkì kan wò ó, ó ní tọ́pù gáskẹ́ẹ̀tì ló bàjẹ́, àfi ká tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀. Nígbà tó pe owó, ńṣe ni bàbá mi jókòó sílẹ̀.

Kì í ṣe tọ́pù gáskẹ́ẹ̀tì rárá. Tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà ló ń jò.

Kí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀? Ìdérí tó wà lókè ẹ́ńjìnnì ni, níbi tí a ti ń rọ ọ́ìlì sí i. Rọ́bà kan wà lábẹ́ ẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì yọ síta. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ooru á mú kí rọ́bà yẹn le gbagidi bí ike, ọ́ìlì á wá máa yọ. Tó bá kán sórí páìpù sàlẹ́ńsà tó gbóná, èéfín dé nìyẹn, iná sì lè sọ. Tó bá wọ ihò pọ́lọ́ọ̀gì, ọkọ̀ á máa gbọ̀n, kò ní í fà dáadáa.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n yàtọ̀? Tí omi bá ń dín kù nínú rèdíétọ̀, tí ọkọ̀ ń gbóná jù, tàbí tí ọ́ìlì ti funfun bíi tíì onímílíìkì, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ gbé e lọ bá ọ̀gá mẹkáníìkì. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé etí ìdérí yẹn nìkan ni ọ́ìlì ti ń yọ, ẹ lè ṣe é nínú ọgbà yín.

A ra gáskẹ́ẹ̀tì náà ní Ládípọ̀, ní Mushin. Bí a ṣe ṣe é nìyí:

Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá, kí ẹ sì yọ orí bátìrì. Ẹ yọ kọ́ìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àtàwọn họ́ọ̀sì, ẹ sàmì sí wọn kí wọ́n má baà pààrọ̀ ara wọn. Ẹ fi sípánà 10 tú àwọn nọ́ọ̀tì díẹ̀díẹ̀, kí ẹ tó gbé kọ́fà kúrò. Ẹ má fi irin ha ojú ẹ̀, alumíníọ́mù ni. Àkísà ni kí ẹ fi nù ún títí á fi mọ́, kí iyanrìn má sì já sínú ẹ́ńjìnnì. Ẹ fi rọ́bà tuntun sí i, àti àwọn róbótó tó yí ihò pọ́lọ́ọ̀gì ká. Ibi méjì péré tí kọ́fà ṣéènì ti pàdé orí ẹ́ńjìnnì ni ẹ máa fi sílíkóònù díẹ̀ sí. Ẹ wá mú nọ́ọ̀tì láti àárín lọ sí etí, ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹ yẹ PCV wò pẹ̀lú. Tó bá ti dí, atẹ́gùn inú ẹ́ńjìnnì á tún ti ọ́ìlì jáde.

Ká má parọ́, èmi náà ṣàṣìṣe. Mo rò pé bí mo bá ṣe fún un le tó, bẹ́ẹ̀ ni kò ní í jò. Nọ́ọ̀tì kan bá kán mọ́nú ẹ̀! Bàbá mi ò sọ nǹkan kan, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Ọ̀gá mẹkáníìkì kan ládùúgbò wa ló bá mi yọ ọ́. Ó ní, "Ọmọ mi, agbára ọrùn ọwọ́ ti tó, má fi èjìká sí i." Látìgbà yẹn, ọkọ̀ náà ò jò mọ́.

Nítorí náà, mi ò sọ pé ká kẹ̀yìn sí àwọn mẹkáníìkì o. Ohun tí mò ń sọ ni pé ká mọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀ wa kí ẹnikẹ́ni tó pe owó fún wa. Ẹ̀ka ọ̀dọ́ fẹ́ máa kọ́ra wa níṣẹ́ báyìí, lọ́kùnrin lóbìnrin. Ẹ̀yin bàbá wa tí sípánà ń dípẹtà nílé yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó o wá fún wa. Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn odi, àpótí irinṣẹ́ kan ṣoṣo la ń tọrọ.

Ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Ìdímù á máa gbèrú o.