ÌRÀNRÁN KÌ Í ṢE ÀJẸ́
Àsọyé tí a sọ ní ìpàdé ẹgbẹ́ ní Àpápá



Ọ̀rọ̀ méjì ni àwọn baba wa fi sílẹ̀ fún wa nípa àgbà tí ọkàn rẹ̀ kò dúró sójú kan mọ́. Èkíní ni ṣíṣarán, èkejì ni ìrànrán. Ṣíṣarán a máa rọra wọlé, ọdún dé ọdún, bí ìgbà tí ilẹ̀ ń ṣú. Ìrànrán a máa dé lójijì, láàárín ọjọ́ kan sí méjì, a sì máa lọ, a máa bọ̀: ìyá a mọ ọmọ rẹ̀ lówùúrọ̀, kì yóò sì mọ̀ ọ́n mọ́ lálẹ́. Àwa ọmọ ìwòyí ni a da méjèèjì pọ̀, tí a sì fi orúkọ kẹta lé e, èyí tí í ṣe àjẹ́. Ìdàrúdàpọ̀ yìí ń pa àwọn àgbà wa, nítorí náà ni a ṣe mú un wá síwájú yín.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ara. Nígbà tí kòkòrò àrùn bá wọlé, ìbáà ṣe ní àyà tàbí ní ilé ìtọ̀, àwọn ọmọ-ogun ara a dìde sí i, wọn a sì ránṣẹ́ sí ọpọlọ. Ọpọlọ a wá pàṣẹ pé kí ènìyàn dùbúlẹ̀, kí ó má fẹ́ oúnjẹ, kí ó yẹra fún àwùjọ. Ní ọdún 1988, ọ̀mọ̀wé Benjamin Hart ní Amẹ́ríkà ṣàlàyé pé ọgbọ́n ni èyí: ara ń kó agbára rẹ̀ jọ fún ogun ni.

Nínú ọpọlọ pẹ̀lú, àwọn ẹ̀ṣọ́ kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní microglia. Ní ara ọ̀dọ́, wọn a jí nígbà tí ìròyìn ogun bá dé, wọn a sì tún sinmi nígbà tí ogun bá tán. Ní ara àgbà, wọ́n dà bí ọdẹ tí kì í sùn, tí ìka rẹ̀ wà lára ìbọn: bí ewé bá jábọ́, a yìnbọn. Ní ọdún 2005, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Illinois fún eku àgbà àti eku tí kò tíì dàgbà jù ní ìwọ̀n kan náà nínú ohun tí a rí lára kòkòrò àrùn. Iná tí ó ràn nínú ọpọlọ àwọn eku àgbà pọ̀ ju ti àwọn ìyókù lọ, àìsàn wọn sì pẹ́ kí ó tó fi wọ́n sílẹ̀.

Èyí ni ó fà á tí òtútù àyà fi lè kọ́kọ́ hàn ní ẹnu àgbà kí ó tó hàn ní àyà rẹ̀. Ara àgbà kì í sì í gbóná nígbà gbogbo. Ní ọdún 2020, nígbà àjàkálẹ̀ àrùn Kòrónà, a ṣe ìṣirò àwọn àgbà 817 tí àrùn náà gbé dé ilé-ìwòsàn ní Amẹ́ríkà. Ìrànrán ti mú 226 nínú wọn, ara àwọn mìíràn láàárín wọn kò sì gbóná rárá.

Ẹ wá wo àdúgbò wa. Iṣẹ́ èbúté Àpápá kó ènìyàn jọ sí Ajégúnlẹ̀ láti ẹkùn gbogbo. Ẹni tí ó rí iṣẹ́ a ránṣẹ́ pe ìyá rẹ̀ láti ìlú wá. Ìyá a bá ọmọ àti ọmọ-ọmọ gbé inú yàrá kan, àgbàrá a máa ya wọlé, ẹ̀fọn a máa jẹ. Lóru ọjọ́ kan, ìyá bẹ̀rẹ̀ sí pe àwọn òkú lórúkọ, ó ní òun ni òun pa wọ́n. Ògiri yàrá kò nípọn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, gbogbo ilé ti gbọ́, wọ́n sì ti rántí ọmọ tí ó kú àti iṣẹ́ tí ó bọ́. Òwe wa ní, “Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ni ó pa ọmọ jẹ?” Ṣùgbọ́n bí ó bá ṣe pé àrùn ni ó fi ẹnu ìyá ké lánàá ńkọ́? Ọ̀rọ̀ inú ìrànrán kì í ṣe ìjẹ́wọ́. Ẹ rántí pẹ̀lú pé ìwé òfin ọ̀daràn Nàìjíríà, ní abala 210, ka pípe ènìyàn ní àjẹ́ sí ẹ̀ṣẹ̀.

Àwọn mìíràn kì í pe àjẹ́, wọn a ní, “Ogbó ni.” Èyí náà ń pa ènìyàn. Ní ọdún 1992, ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Osuntokun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí wádìí àwọn àgbà Yorùbá ní Ìbàdàn pẹ̀lú àwọn àgbà aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis ní Amẹ́ríkà. Ìròyìn tí ó jáde ní ọdún 2001 fi hàn pé iye àwọn tí ṣíṣarán ń ṣẹ̀ṣẹ̀ mú lọ́dọọdún ní Ìbàdàn kò tó ìdajì ti Indianapolis. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a fi ogbó bo ohun tí oògùn lè wò.

Nítorí náà, bí àgbà bá yí padà lójijì, tí ó ń sọ ìsọkúsọ, tàbí tí ó kàn dákẹ́ tí ó ń sùn, tí ó kọ oúnjẹ, tàbí tí ó ń ṣubú, ẹ gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ilé-ìwòsàn ìjọba wà ní Ajeromi, ó wà ní Àpápá. Ẹ sọ fún dókítà ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ yí padà. Kí ẹni tí ó mọ̀ dáadáa jókòó tì í, kí iná wà ní yàrá lálẹ́. Ẹ má ṣe dè é, ẹ má sì fún un ní oògùn oorun láìjẹ́ pé dókítà pàṣẹ.

Àwa òjíṣẹ́ Ọlọ́run, ẹ jẹ́ kí a gbàdúrà, ṣùgbọ́n kí a má ṣe fi ààwẹ̀ lé aláìsàn arúgbó lórí, kí a má sì dá a dúró ní ilé àdúrà. Ẹ̀yin ìjòyè, bí a bá mú irú ẹjọ́ yìí wá síwájú yín, ẹ kọ́kọ́ bèèrè ohun tí dókítà rí.

Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Àwọn ìyá tí ó jókòó tì wá nígbà tí ibà mú wa ní kékeré, tí àwa náà ń sọ ìsọkúsọ, kò pè wá ní àjẹ́. Omi ni wọ́n fún wa mu, wọ́n sì wá oògùn.