Ilé-Ìwé Gẹ̀ẹ́sì Láàárín Ìlú Elédè Faransé

Ní Lomé níbí, ní Togo, Faransé ni èdè ìjọba, Ewe àti Mina ló pọ̀ lẹ́nu àwọn ọlọ́jà. Síbẹ̀, ilé-ìwé kan wà ní Résidence du Bénin tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ni: British School of Lomé, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1983. Àwọn ọmọ kan ń ti ilé wá; àwọn mìíràn wà ní bọ́dìn.

Àṣà bọ́dìn yìí ti pẹ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1440, Ọba Henry Kẹfà dá ilé-ìwé Eton sílẹ̀ kí 70 ọmọ aláìní lè kàwé lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ wá wo Eton lónìí, ọmọ olówó ló kún ibẹ̀! Ti Lomé náà, owó rẹ̀ kì í ṣe owó alájàpá, ká má tan ara wa.

Ọmọ bọ́dìn ní Lomé kì í ṣe tinú ara rẹ̀. Aago jíjí, aago oúnjẹ, eré ìdárayá nírọ̀lẹ́, ìwé kíkà lálẹ́ lójú alábòójútó, lẹ́yìn náà iná á kú. Tó bá tó bí ọmọ ọdún 16, á ṣe ìdánwò IGCSE. Á wá fi ọdún méjì ka ètò ẹ̀kọ́ IB: iṣẹ́ mẹ́fà, pẹ̀lú àròkọ ìwádìí tó lè tó 4,000 ọ̀rọ̀.

Ẹni tó bá gba ojú títì wá sí ilé-ìwé yìí láti Èkó á kọjá ẹnubodè méjì, Sẹ̀mẹ̀ àti Hilla-Condji. Ẹ̀yin òbí, ẹ mú ìwé ìrìnnà ọmọ dání.