Ọgbọ́n Wà Lọ́wọ́ Òṣìṣẹ́

Ọ̀rọ̀ tí aṣojú òṣìṣẹ́ ní ẹ̀ka tí a ti ń yọ́ ike bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé gbogbogbòò, kí àwọn aṣojú wa tó lọ sí àpérò

N kò ní pẹ́ púpọ̀, nítorí mo mọ̀ pé àwọn tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ti ń wo aago.

Àwọn àgbà ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Gbogbo wa la ti rí àwọn ẹ̀rọ tuntun tí wọ́n fi tapólì bò lẹ́yìn ilé ìkẹ́rù. Kò tíì sí ẹni tó pè wá kó sọ iye ènìyàn tí yóò máa dúró ti ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ní oṣù tó ń bọ̀, àwọn aṣojú wa mẹ́ta yóò lọ sí àpérò ẹgbẹ́, níbi tí wọn yóò ti jíròrò lórí ẹ̀rọ ìgbàlódé, àṣà iṣẹ́ àti àyíká. Ìbéèrè tí mo gbé wá síwájú yín nìyí: kí ni wọn yóò mú lọ? Ṣé ẹ̀hónú nìkan ni, àbí ìmọ̀ràn tó ti ọwọ́ wa jáde?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn àwọn òṣìṣẹ́ kan fún yín. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ó rí i pé ó kàn wá.

Ilé-iṣẹ́ Lucas, tó ń ṣe iná mọ́tò àti bátìrì, ní ẹ̀ka kan tí wọ́n ń pè ní Lucas Aerospace. Ẹ̀yà ara bààlúù ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti bààlúù ogun. Ní nǹkan bí ọdún 1970, àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ tó bí 18,000. Kò ju ọdún mélòó kan lọ tí wọ́n fi ṣẹ́kù bí 13,000. Ẹ̀rọ tuntun ń wọlé, ènìyàn ń jáde.

Àwọn aṣojú òṣìṣẹ́ láti ibi iṣẹ́ bíi mẹ́tàdínlógún kó ara wọn jọ sínú ìgbìmọ̀ kan ṣoṣo. Ẹni tó ń ya àwòrán ẹ̀rọ ní ọ́fíìsì àti ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kún fún gíríìsì jọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1974, mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n nínú wọn lọ rí Tony Benn, tó jẹ́ mínísítà fún ọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́ nígbà náà. Ó gbà wọ́n níyànjú pé kí àwọn fúnra wọn kọ ètò ohun tí ilé-iṣẹ́ náà tún lè máa ṣe.

Wọ́n kọ́kọ́ kọ lẹ́tà sí àwọn ọ̀mọ̀wé àti àjọ bí 180, wọ́n béèrè pé: irú ẹ̀rọ báyìí la ní, irú iṣẹ́ báyìí la mọ̀, kí la lè ṣe tí yóò wúlò fún aráyé? Ìwọ̀nba díẹ̀ ló fèsì. Wọ́n wá yí padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tiwọn. Wọ́n fi ìwé ìbéèrè ránṣẹ́ sí gbogbo ibi iṣẹ́: Ẹ̀rọ wo lẹ ní? Iṣẹ́ wo lẹ mọ̀ ọ́n ṣe? Kí ni àwọn ará àdúgbò yín ṣaláìní?

Ìdáhùn wá rọ̀ bí òjò. Nígbà tí wọ́n gbé ètò náà jáde ní oṣù kìíní ọdún 1976, nǹkan bí 150 ohun tí ènìyàn lè ṣe ló wà nínú rẹ̀. Mo fẹ́ ka mẹ́ta fún yín.

Èkíní ni ọkọ̀ tó ní ẹnjìnnì kékeré, bátìrì àti mọ́tò iná mànàmáná pa pọ̀. Èrò wọn ni pé epo tó ń jó yóò dín kù, èéfín àti ariwo náà yóò dín kù. Ọdún 1997 ni ilé-iṣẹ́ Toyota tó bẹ̀rẹ̀ sí ta Prius ní Japan, ọkọ̀ tó ń lo epo àti iná pọ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀: ọdún mọ́kànlélógún lẹ́yìn tí àwọn òṣìṣẹ́ ti kọ ọ́ sílẹ̀.

Èkejì ni ẹ̀rọ tí ń mú ilé móoru nígbà òtútù. Bí fíríìjì ṣe ń fa ooru kúrò lára oúnjẹ tó sì ń tì í síta, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ yìí ń fa ooru láti ìta wọ inú ilé. Láti ọdún 2022, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń fi owó ran àwọn onílé lọ́wọ́ láti ra irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, kí èéfín gáàsì lè dín kù.

Ẹ̀kẹta ló dùn mọ́ mi jù. Kẹ̀kẹ́ kékeré ni, tí wọ́n ṣe fún àwọn ọmọ tí a bí pẹ̀lú àléébù nínú eegun ẹ̀yìn, kí wọ́n lè máa fi ọwọ́ ara wọn rìn káàkiri. Òṣìṣẹ́ Lucas kan ló ṣe é lẹ́yìn tó ti rí irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Àwọn alákòóso ní kì í ṣe irú ọjà tí àwọn ń ṣe.

N kò ní tàn yín. Àwọn alákòóso kọ ètò náà. Àwọn olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ lókè kò tì wọ́n lẹ́yìn tó bó ti yẹ. Mike Cooley, ọmọ ilẹ̀ Ireland tó wà lára àwọn aṣáájú wọn, pàdánù iṣẹ́ rẹ̀ ní ọdún 1981. Ní ọdún yẹn kan náà ni wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Right Livelihood ní ilẹ̀ Sweden. Ṣùgbọ́n ètò náà kò kú. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2016, ogójì ọdún lẹ́yìn náà, àwọn ènìyàn pé jọ ní ìlú Birmingham láti tún ìwé náà yẹ̀ wò, nítorí ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ tó ń yí padà àti ẹ̀rọ tó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn.

Ohun kan tí Cooley tẹnu mọ́ ni pé ọgbọ́n kan wà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ tí kò sí nínú ìwé. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Alágbẹ̀dẹ kì í fi ìwé kọ́ ọmọ rẹ̀ ní àwọ̀ tí irin ń ní nígbà tó bá tó lù. Nínú ẹ̀ka tiwa, àwọn kan wà tí wọn yóò gbọ́ ìró ẹ̀rọ láti ẹnu ọ̀nà, tí wọn yóò sì sọ ibi tó ń dùn ún kí ẹnjiníà tó dé. Bí wọ́n bá lé irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ lọ, kì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan ló lọ. Ilé ẹ̀kọ́ kan ló wó.

Mo ti gbọ́ tí ẹnì kan ń kùn lẹ́yìn pé, “Ṣé ká tún wá máa bá ọ̀gá ronú lọ́fẹ̀ẹ́ ni?” Ìbéèrè tó dára ni. Àwọn ará Lucas kò kọ èrò wọn sínú bébà kí wọ́n jù ú sínú àpótí fún ọ̀gá. Ẹgbẹ́ ni wọ́n fi gbé e lọ sórí tábìlì ìdúnàádúrà, wọ́n sì so ó mọ́ ọ̀rọ̀ iṣẹ́: ohun tí a lè ṣe nìyí, nítorí náà kò sí ìdí tí ẹ ó fi lé ẹnikẹ́ni. Bí a ti ń béèrè owó oṣù, bẹ́ẹ̀ náà la gbọ́dọ̀ lẹ́nu nínú ohun tí à ń ṣe àti bí a ṣe ń ṣe é.

Ẹ wo ọ̀dọ̀ tiwa. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń dáná sun àjákù ike lẹ́yìn ọgbà, tí èéfín rẹ̀ ń wọlé àwọn aládùúgbò wa, tí àwọn ọmọ wa sì ń fà á símú. Omi tó ń mú ẹ̀rọ tutù ń ṣàn lọ sínú gọ́tà, a tún ń ra omi ọkọ̀ táńkà. Ìyá kan ní ẹ̀ka tí a ti ń di ẹrù ti sọ fún mi pé bí a bá ṣa àjákù náà ní àwọ̀ àwọ̀, tí a fọ̀ ọ́, tí a lọ̀ ọ́, yóò ṣe é yọ́ padà, iṣẹ́ náà yóò sì gba ènìyàn. Ta ló tíì béèrè lọ́wọ́ màmá yìí rí?

Nítorí náà, àbá mi rèé. Kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ra ìwé kan, irú èyí tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń lò. Kí ẹ kọ ohun mẹ́ta sínú rẹ̀: iṣẹ́ tí ẹ mọ̀, ohun tó ń ṣòfò, àti ohun tí ẹ̀rọ wa lè ṣe fún ìlú. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kọ, kó sọ ọ́ kí ẹlòmíràn bá a kọ ọ́. Kí ìwé náà dé ọwọ́ akọ̀wé ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú àpérò. Àwọn aṣojú wa yóò gbé e lọ. Bí wọ́n bá sì dé, a ó gbé e tọ àwọn alákòóso lọ kí wọ́n tó ká tapólì kúrò lórí àwọn ẹ̀rọ yẹn.

Ohun tí a bá jọ wò, gígún ní í gún. Kí ẹgbẹ́ wa ó máa gbèrú o.