Nọ́ńbà Tí A Dàkọ
Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi àpéjọ ẹgbẹ́ wa

  Nígbà tí akọ̀wé wa ní kí n wá sọ̀rọ̀, ó rò pé ọ̀rọ̀ ìwé ìròyìn ni n ó sọ, torí iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyẹn. Ẹ má bínú. Ṣebí ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ ni mo kà ní pólì kí n tó di akọ̀ròyìn? Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ló wà níkùn mi lónìí, ìtìjú díẹ̀ sì wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń sin adìyẹ n'Íbàdàn. Ẹ mọ̀ pé òròmọdìyẹ ò lè fara da òtútù. Èmi àti ọ̀kan nínú yín tó jókòó lẹ́yìn lọ́hùn-ún (ó ní kí n má dárúkọ òun) bá pinnu láti ṣe àpótí kékeré kan tí yóò máa wọn ooru inú ilé wọn, tí yóò sì fi Bluetooth ránṣẹ́ sí fóònù ẹ̀gbọ́n mi bí ooru bá ti ń lọ sílẹ̀. Méjì la ṣe. A gbé ọ̀kan sínú ilé adìyẹ, a gbé ìkejì sẹ́nu fèrèsé kó máa gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àkọ́kọ́. Àwọn méjèèjì ń gbọ́ ara wọn geere. Fóònù ni kò gbọ́ wọn dáadáa. Bí ó bá sún mọ́ wọn, á gbọ́. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá wọ yàrá, ó parí. Àwa ní fóònù ni ò dáa.

Lóru ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, iná lọ, gílóòbù tó ń mú wọn móoru kú. Àpótí ránṣẹ́ títí, fóònù ò gbọ́. Nígbà tí ilẹ̀ máa fi mọ́, òròmọdìyẹ 63 ti kú. Ẹ̀gbọ́n mi ò pariwo. Ó kàn bi mí pé, "Ṣé ohun tí ẹ kọ́ ní pólì nìyí?" Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju èébú lọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀, kí ẹ̀yin tí ẹ ka àkáǹtì náà lè bá mi lọ. Ohun tó wà nínú àpótí yẹn ni wọ́n ń pè ní microcontroller, kọ̀ǹpútà kan tí kò tó èékánná, tó sì ní rédíò nínú. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni kírísítà wà, òkúta quartz tí wọ́n gé tín-ín-rín. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan nílẹ̀ Faransé, Jacques àti Pierre Curie, ló ṣàwárí lọ́dún 1880 pé irú òkúta bẹ́ẹ̀ máa ń mú iná jáde bí a bá tẹ̀ ẹ́. Lọ́dún 1921, Walter Cady ní Amẹ́ríkà fi quartz ṣe ẹ̀rọ tó ń gbọ̀n ní ìwọ̀n kan pàtó. Tiwa ń gbọ̀n nígbà mílíọ̀nù 32 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, lára rẹ̀ ni ṣíìpù sì ti ń ṣe ìgbì rédíò tó ń lọ sí bí i 2,440 MHz. Ẹni tó ń lé orin ni kírísítà. Bí ó bá gbé ohùn sísàlẹ̀ jù, gbogbo ẹlégbè á bá a lọ sísàlẹ̀.

Ṣùgbọ́n kírísítà ò dá nìkan pinnu. Kapásítọ̀ méjì ló máa ń wà níbẹ̀, ọ̀kan ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Àwọn ni ẹrù tó ń gbé. Ẹni tó ṣe kírísítà wa kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ẹrù 8 pF ni kí a dì fún un. Bí ẹrù bá pọ̀ jù, á falẹ̀. Bí ó bá kéré jù, á yára.

Àwa wá fi kapásítọ̀ 22 pF méjì sí i. Kí ló dé tó jẹ́ 22? Torí pé 22 ló wà nínú ìwé tí àwọn ẹ̀gbọ́n fi lé wa lọ́wọ́, táwa náà dàkọ, tá a tún fi lé àwọn àbúrò lọ́wọ́. Ó tọ́ fún kírísítà ìgbà yẹn, tó ń gbé ẹrù tó pọ̀. A ò béèrè bóyá ó tọ́ fún ti ìsinsìnyí.

Ẹ bá mi ṣírò. Bí kapásítọ̀ méjèèjì bá dọ́gba, ìdajì ọ̀kan ni kírísítà máa rí. 22 di 11. Ẹ wá fi èyí tí ojú ò rí kún un: bàbà orí pátákó àti ẹsẹ̀ ṣíìpù ń mú bí i 3 pF wá. Àpapọ̀ di 14. Ẹni tó yẹ kó gbé 8, a di 14 lé e lórí! Ó falẹ̀ tó bí i ìdá 67 nínú mílíọ̀nù.

Ẹ lè ní kí wá ni ìyẹn? Aago ògiri tó bá falẹ̀ báyẹn, bí ìṣẹ́jú-àáyá 6 péré ló máa fi rẹ̀yìn lójúmọ́. Ta ló máa torí ẹ̀ bá aago jà? Ṣùgbọ́n lórí 2,440 MHz, ó di nǹkan bí 163 kHz. Òfin Bluetooth Low Energy ò sì gbà kí ìgbì yẹ̀ ju 150 kHz lọ.

Kí ló wá dé tí àpótí wa méjèèjì fi ń gbọ́ ara wọn? Àṣìṣe kan náà ló wà nínú wọn. Wọ́n jọ lọ sísàlẹ̀ ni. Ẹ̀yin ará, ibẹ̀ ni mo ti ronú kan àwa fúnra wa. A ó jókòó pọ̀, ọ̀rọ̀ wa á wọ̀, a ó rò pé a tọ̀nà, kẹ́ ẹ sì máa wò ó, ibì kan náà la ti jọ ṣì í. Fóònù tá a ní kò dáa yẹn, òun ló ń sọ òótọ́.

A lọ tọrọ ẹ̀rọ tó ń ka ìgbì. Ọ̀rẹ́ mi fẹ́ gbé ọ̀pá ìwọ̀n lé ẹsẹ̀ kírísítà, mo ní rárá. Ọ̀pá yẹn ní ẹrù tiẹ̀, ó lè tó 10 pF, á tún yí ohun tí à ń wọ̀n padà. A ní kí ṣíìpù máa gbé ìgbì lásán jáde lórí 2,440 MHz, láìfi ọ̀rọ̀ kankan sínú rẹ̀, a sì wọ̀n ọ́n láti ìta. Àṣìṣe wa hàn gedegbe. A tú 22 kúrò, a fi 10 rọ́pò: ìdajì rẹ̀ 5, pẹ̀lú 3, ó di 8. Ohun tó kù ò tó 15 kHz. Àwọn ṣíìpù kan wà tó ní kapásítọ̀ nínú ara wọn, tí ẹ lè fi sọ́fítíwià yí díẹ̀díẹ̀ láìtú nǹkan kan. Èyí tó wù kẹ́ ẹ ní, ẹ wọ̀n ọ́n kẹ́ ẹ tó yí i.

Fóònù ẹ̀gbọ́n mi ń gbọ́ láti inú yàrá báyìí. Òròmọdìyẹ 63 ò jí.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, n ò bá yín wí. Ẹ kọ́ wa ní ìṣirò yìí lójú pátákó. Ohun èlò láti fi rí i ni kò sí. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹ jẹ́ ká ra ẹ̀rọ tó ń ka ìgbì fún ilé ìwé wa kí àpéjọ tó ń bọ̀ tó dé, kí àwọn ọmọ yẹn yé dàkọ 22 wa. Mo ti fi tèmi lé akápò lọ́wọ́ láàárọ̀ yìí.