Ọkọ̀ Ìjọba Ìbílẹ̀ àti Epo tí Ó Ń Mu

(Àsọyé tí a sọ níwájú Ìpàdé Ọdọọdún Ẹgbẹ́ Ìlọsíwájú Ìlú)

Àwọn kan lè máa rò ó lọ́kàn wọn pé kí ni ó kan Ẹgbẹ́ wa nínú ọkọ̀ tí Ìjọba Ìbílẹ̀ ń rà. Ó kàn wá púpọ̀, nítorí pé inú àpò kan náà ni owó oògùn ilé ìgbẹ̀bí àti owó epo ọkọ̀ ti ń jáde.

Bí a bá fẹ́ ra ọkọ̀, iye tí oníṣòwò pè é nìkan ni a máa ń jiyàn lé lórí. Ẹ̀ẹ̀kan ni a ń san owó ọkọ̀. Ojoojúmọ́ ni a ń san owó epo, títí ọkọ̀ náà yóò fi di àpatì. Nígbà tí epo bẹntiróòlù kò tó 200 náírà ní lítà kan, a lè fojú fo èyí. Ṣùgbọ́n Ìjọba Àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ epo kúrò ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023. Kí oṣù Keje tó parí, lítà kan ti di 617 náírà ní Àbújá, nígbà tí ó sì di oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ó ti kọjá 1,000.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ká ní jíìpù ńlá kan ń mu lítà 18 fún 100 kìlómítà, tí ọkọ̀ kékeré kan sì ń mu 7. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ń rin 2,000 kìlómítà lóṣù, jíìpù yóò mu lítà 4,320 lọ́dún, èkejì yóò mu 1,680. Ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ lítà 2,640. Bí lítà bá jẹ́ 1,000 náírà, ìyẹn ju mílíọ̀nù méjì ààbọ̀ lọ lọ́dọọdún, lórí ọkọ̀ kan ṣoṣo! Àwọn kan ní ọlá Alága ni jíìpù. Èmi kò rí ọlá nínú jíìpù tí ó dúró síwájú ilé ìwòsàn tí kò ní oògùn.

N kò wí pé ọkọ̀ kékeré nìkan ni kí wọ́n rà o. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Nọ́ọ̀sì tí ń gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ sí abúlé nígbà òjò nílò ọkọ̀ gíga tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ ń fà. Ẹni tí ń gba ọ̀nà ọ̀dà lọ sí olú-ìlú ìpínlẹ̀ kò nílò rẹ̀. Ọkọ̀ tí ń lo gáàsì náà wà, ṣùgbọ́n kí a kọ́kọ́ wò ó bóyá ibi tí wọ́n ti ń ta gáàsì náà wà nítòsí.

Lẹ́yìn tí a bá rà á tán, kí ìwé ìrìn ọkọ̀ wà, kí awakọ̀ máa kọ kìlómítà àti lítà sínú rẹ̀. Bí ọkọ̀ tí ń mu lítà 10 bá ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí mu 14, ó lè jẹ́ pé afẹ́fẹ́ táyà ti dín, tàbí pé ẹ́ńjìnnì ń ṣàìsàn, tàbí pé kẹ́ẹ̀gì ẹnìkan ni ó ń kún.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje, ọdún 2024, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dájọ́ pé kí owó Ìjọba Ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà. Nítorí náà, ọ̀dọ̀ wọn gan-an ni ìbéèrè wa yóò lọ. Mo dábàá pé kí Akọ̀wé wa kọ̀wé sí wọn kí wọ́n tó ṣe ètò ìṣúná tí ń bọ̀, kí ó béèrè iye lítà tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n fẹ́ rà ń mu. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà ní Amẹ́ríkà, ẹ lè ràn wá lọ́wọ́: wọ́n ń lẹ iye epo tí ọkọ̀ tuntun ń mu mọ́ fèrèsé rẹ̀ lọ́dọ̀ yín. Ẹ fi iye náà ránṣẹ́. Kí ẹ̀yin ti ìlú Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì sì rántí pé gálọ́ọ̀nù tiyín ju ti Amẹ́ríkà lọ: tiyín lé ní lítà mẹ́rin ààbọ̀, tiwọn kò pé mẹ́rin. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ọ́ ní lítà, kí Akọ̀wé má baà ṣì í kà.